Ẹ Jẹ́ Kí Afẹ́fẹ́ To Ọjọ́ Yín: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ọ̀dọ́ Amọ̀nà Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń mú àlejò rìn ní Àgbádárìgì, mo ti ń wò yín, inú mi sì dùn sí ohun tí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín lè ka orúkọ àdúgbò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ìlú yìí láìmí, láti Ahovikoh títí dé Ganho. Ohun tí kò tíì dá yín lójú tó ni bí a ṣe ń mú ìdílé rìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wá ṣe ìwádìí kì í ṣe ìdílé. Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó kún inú bọ́ọ̀sì kì í ṣe ìdílé. Ìdílé ni bàbá tó ń ro owó epo lọ́kàn, ìyá tó ń ka orí ọmọ ní gbogbo ìyànà, ọ̀dọ́langba tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù, ọmọ ọdún mẹ́rin tí bàtà tuntun ń pa lẹ́sẹ̀, àti màmá àgbà tí orúnkún ń dùn ṣùgbọ́n tí kò ní sọ ọ́ jáde kí ó má baà ba ayọ̀ àwọn ọmọ jẹ́. Ọjọ́ kan péré ni gbogbo wọn rí yọ nínú ìsinmi ọdún. Tí ọjọ́ náà bá lọ dáadáa, ìtàn ìlú yìí á wọ ilé wọn lọ. Tí ó bá bàjẹ́, wọn kò ní sọ pé amọ̀nà kan ló ṣe àṣìṣe. Àgbádárìgì ni wọn yóò sọ pé kò dùn.

Ìmọ̀ràn mi kò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn rẹ̀ ara rẹ̀ ló ti jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtàn to ọjọ́ ìdílé. Afẹ́fẹ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tó kéré jù ni kí ẹ jẹ́ kó tò ó. Ìtàn ti wà nílẹ̀ kí a tó bí wa, kò ní kúrò lọ́la. Afẹ́fẹ́ kì í dúró de ẹnì kan, ọmọ tó bá sì ti rẹ̀ kò gbọ́ ìtàn mọ́, bó ti wù kí ẹnu amọ̀nà dùn tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ afẹ́fẹ́ ọ̀hún, torí òun ni ọ̀gá. Ìlú wa wà létí ọ̀sà. Lódìkejì ọ̀sà ni ilẹ̀ oníyanrìn Gberefu gùn gbọọrọ sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá kan òkun Àtìláńtíìkì. Láàárọ̀ kùtù, ooru ilẹ̀ àti ti òkun kì í yàtọ̀ púpọ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa rọlẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń gòkè, ilẹ̀ a yára gbóná ju omi lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ tó ti gbóná a fúyẹ́, a gòkè, ti ojú òkun tó tutù a sì rọ́ wọlé wá gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fìlà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lórí kó tó di ọ̀sán, tí ojú ọ̀sà fi ń ru, tí iyanrìn fi ń ta sí ẹsẹ̀ ọmọdé lọ́wọ́ ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní mú ọmọ ọlọ́mọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní aago mẹ́ta ọ̀sán nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wà níbẹ̀ tó ń wò ó.

Ẹ tún mọ àsìkò ọdún. Oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù létí òkun wa. Lóṣù kẹjọ, òjò a dẹwọ́ díẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá a le, òkun a sì máa bínú. Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé bọ́ sí àárín ìgbà yẹn gan-an, nítorí náà ẹ kò lè sá fún un, ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò ni. Nígbà Kérésìmesì, ọ̀yẹ́ lè ti òkè ọya sọ̀kalẹ̀ wá, ètè á gbẹ, ojú á máa ta, eruku á sì bo ojú ọ̀run. Ẹ rán àwọn òbí létí ìpara àti omi mímu.

Èyí tó léwu jù lọ ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ìparí òjò, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún àti nígbà tí òjò bá tún ń kásẹ̀ ńlẹ̀. Mo ń rí i tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń wo òkun bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìjì ti ń bọ̀. Ẹ kẹ̀yìn sí òkun, kí ẹ wo ìlà-oòrùn. Orí ilẹ̀ ni irú ìjì yẹn ti ń wá, láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ a sì máa ṣáájú òjò dé. Tí ẹ bá rí òkùnkùn tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ níhà ibẹ̀, tí ooru dédé mú, tí imọ̀ àgbọn dákẹ́ láìmì, ẹ má ṣe ṣírò bóyá àyè ṣì wà láti rékọjá. Ẹ jókòó sórí ilẹ̀. Tí atukọ̀ bá ti sọ pé òun kò lọ, ẹ má bá a jiyàn níwájú àlejò, ẹ má sì fi owó kún owó fún un kí ó lè yí ọkàn padà.

Ọ̀rọ̀ kàn wá dé ibi tí àwọn kan nínú yín yóò ti takò mí. Bí ẹ ṣe kọ́ iṣẹ́ yìí ni pé kí àlejò rìn ní ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà: láti ọjà Vlekete lọ sí ilé ìdèrúmọ́lẹ̀, láti ibẹ̀ lọ sí èbúté, kí wọ́n wọ ọkọ̀, kí wọ́n kọjá lára kànga Gberefu, kí wọ́n sì parí rẹ̀ létí òkun. Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àgbàlagbà tó ti Amẹ́ríkà tàbí Brazil wá, tó ń wá ibi tí wọ́n ti gbé àwọn baba rẹ̀ lọ, ẹ mú un rìn bẹ́ẹ̀, kí ẹ má sì kánjú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mú ìdílé tó ní ọmọ kékeré rìn bẹ́ẹ̀, ọ̀sán gangan ni wọn yóò dé orí iyanrìn, lẹ́yìn tí wọ́n ti dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ nínú yàrá mẹ́rin tó móoru. Ọmọ á máa ké, bàbá á gbé e kọ́rùn, màmá àgbà á jókòó sábẹ́ igi pé kí wọ́n máa lọ, òun á dúró dè wọ́n. Ìdílé ti pín sí méjì kí wọ́n tó rí òkun. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Nítorí náà, fún ìdílé, ẹ yí i padà. Ẹ mú wọn lọ sí òkun láàárọ̀, kí ẹ tó mú wọn bọ̀ wá sínú ìlú. Ìtàn kò bàjẹ́ nítorí pé a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìparí. Ọmọ tó ti fojú ara rẹ̀ rí bí òkun ṣe fẹ̀ tó, tó ti gbọ́ bó ṣe ń hó, ni yóò mọ ohun tí ẹ ń sọ nígbà tí ẹ bá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ hàn án nínú ilé. Èyí tí kò tíì rí òkun, irin lásán ló rí.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ béèrè ọjọ́ orí àwọn ọmọ, ẹ béèrè bóyá ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn wà nínú wọn, bóyá ẹnì kan kì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wọ bàtà tó dè mọ́ ẹsẹ̀, torí sílípáàsì kò ṣe é rìn nínú iyanrìn tó jìn, bàtà gogoro kò sì ní nǹkan ṣe níbẹ̀ rárá. Kí fìlà àwọn ọmọ ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n. Kí àwọn ìyá fi gèlè ńlá sílẹ̀ nílé, kí wọ́n so ìborùn. Agboòrùn kò wúlò létí òkun, afẹ́fẹ́ á yí inú rẹ̀ síta ni. Kí oúnjẹ àwọn ọmọ wà nínú ike tó ní ìdérí. Aṣọ kan fún pípààrọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí ọmọdé tó dé etí òkun tí kò tutù.

Níbi ìpè yẹn náà ni kí ẹ ti sọ owó. Ẹ sọ owó ọkọ̀, owó ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ wọ̀, àti owó iṣẹ́ yín, kí bàbá mọ̀ ọ́n pọ̀ kó tó kúrò nílé. Ilé àwọn onílé ni ọ̀pọ̀ ibi tí à ń lọ, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ń gba owó tirẹ̀. Àlejò kì í kọ̀ láti san án tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí ẹnì kan tún yọ síwájú wọn ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Bàbá tó ń tọwọ́ bàpò lójú àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà gbogbo, inú rẹ̀ kì í dùn sí ohunkóhun tí ẹ bá sọ.

Èkó kò ju nǹkan bí kìlómítà 60 sí wa lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ojú ọ̀nà yẹn. Ẹ rọ̀ wọ́n kí wọ́n gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Nígbà tí wọ́n bá dé, ẹ má ì tíì sọ ìtàn kankan. Ẹ kí àgbà ilé ṣáájú, màmá àgbà kí ẹ tó kan bàbá: ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ìrìn. Ẹ fi Mikuabọ̀ kún un, bí àwa Ògù ṣe ń kí àlejò, kí àwọn ọmọ dá a padà títí yóò fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ fi ilé ìtọ̀ hàn wọ́n. Ẹ fún wọn lómi. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo bàtà ọmọ tó kéré jù. Ẹsẹ̀ yẹn ni yóò sọ iye ibi tí ẹ lè dé lọ́jọ́ náà.

Ní èbúté, ẹ̀wù tó ń gbé ni léfòó nínú omi kì í ṣe ohun tí à ń bẹ ènìyàn wọ̀. Kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ wọ tiyín, kí ẹ sì so ó pinpin. Ọ̀dọ́langba tó bá rí amọ̀nà tó gbé tirẹ̀ kọ́ èjìká kò ní so tirẹ̀. Ẹ wò ó pé ti ọmọdé bá ara ọmọdé mu, torí èyí tó tóbi jù lè yọ lọ́rùn rẹ̀ tó bá ṣubú sómi. Kí gbogbo wọn jókòó kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì dìde ya fọ́tò. Bí a ṣe ń rékọjá kò pẹ́, nítorí náà ẹ má fi ìtàn dí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo omi.

Ọ̀nà Gberefu jẹ́ iyanrìn, ó sì ń gba ìrìn díẹ̀ kéèyàn tó dé òkun. Ọmọ kékeré ni kí ẹ fi síwájú, kì í ṣe ẹ̀yin. Tí amọ̀nà bá ṣíwájú, ìṣísẹ̀ amọ̀nà ni gbogbo wọn á máa lépa, ọmọ àti màmá àgbà á sì máa jìnnà sẹ́yìn. Tí ọmọ bá ṣíwájú, kò sẹ́ni tí yóò rẹ̀. Ẹ̀yin, ẹ wà lẹ́yìn pátápátá lọ́dọ̀ màmá àgbà, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Òun gan-an ni yóò tún ìtàn yín sọ fún àwọn ọmọ lẹ́yìn ọdún méje.

Ẹ dúró níbi kànga. Ìtàn tí à ń sọ níbẹ̀ ni pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ gbogbo ohun tí ẹ bá ní láti sọ nípa òkun, nígbà tí ẹ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Létí òkun, tí ẹ bá kọ ojú sí afẹ́fẹ́, ohùn yín yóò padà sí yín lẹ́nu, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ. Tí ẹ bá kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ohùn yín yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, àmọ́ àwọn ni iyanrìn yóò máa ta sí lójú. Mo ti rí amọ̀nà tó ń pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, tí ìdílé sì ń rọra mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ẹ má sọ ìtàn létí òkun rárá. Ẹ parí ọ̀rọ̀ lábẹ́ àgbọn, níbi tí ibòòji wà. Tí wọ́n bá dé ibi òpó méjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún ìrántí àwọn tó lọ láìbọ̀, kí ẹ̀yin dákẹ́. Òkun á sọ ìyókù.

Ẹ má fi omi yẹn ṣeré o. Etí òkun wa ga, ó sì dà gẹ̀rẹ́. Ìgbì tó bá fọ́ sórí rẹ̀ máa ń padà pẹ̀lú agbára, omi a sì máa fà lọ sápá ìlà-oòrùn, síhà Èkó. Kò sí pé ọmọ mọ̀ ọ́n wẹ̀ ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ wá ibi tí iyanrìn tutù dé, ẹ fi igi fa ìlà lókè rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ìlà yẹn ni ilé pin sí. Kí àgbàlagbà kan dúró láàárín ìlà náà àti òkun, kí ó má kẹ̀yìn sí omi. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣeré. Kí wọ́n sáré tako afẹ́fẹ́, kí wọ́n na ọwọ́, kí wọ́n wo bí imọ̀ àgbọn ṣe ń tẹ̀ tí kò ṣẹ́. Àwọn kan nínú yín rò pé eré kò yẹ níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti omijé ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ọmọ wa létí òkun yẹn kò tàbùkù ẹnikẹ́ni, àwọn tó lọ ìbá fẹ́ kí àwọn ọmọ tiwọn náà rí i ṣe.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ ti padà sínú ìlú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun. Ẹ má ṣe wá ilé oúnjẹ tó jìnnà kiri, ẹja dídín àti àgbọn kò wọ́n ní Àgbádárìgì. Ẹ bẹ oníṣòwò kó la àgbọn lójú àwọn ọmọ, kí wọ́n mu omi rẹ̀, kí wọ́n fi ike kọ́ ẹran rẹ̀. Ẹ fi bàbá dúdú àti gúrúndì hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ pé àgbọn kan náà ló di ìwọ̀nyí. Lẹ́yìn náà kí gbogbo wọn jókòó. Amọ̀nà tuntun kì í lè fara da ìjókòó yìí, á máa wo aago, á máa rò pé àlejò ń fi owó ṣòfò. Ìsinmi ni wọ́n wá ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ní Marina, ẹ mú wọn lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tó kọjú sí ọ̀sà. Àkọlé ibẹ̀ sọ pé 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845. Ẹ má ka gbogbo orúkọ òyìnbó oníwàásù fún ọmọdé. Ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹ sọ ìtàn rẹ̀ dójú ẹ̀. Àjàyí ni kí ẹ mú. Ní 1821, wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o wọ ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní 1822, ó sì gbé wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti kàwé, tó di Samuel Crowther. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yìí ní 1845 pẹ̀lú àwọn òyìnbó oníwàásù Townsend àti Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí ibẹ̀ kú, ọ̀nà sì dí, wọ́n dúró síhìn-ín títí di 1846. Nígbà tó wá dé Abẹ́òkúta, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, tí kò fojú kàn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Tí ẹ bá sọ ìtàn yẹn tán, ẹ wo ojú ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ dání. Ẹ kò ní nílò ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fi Bíbélì Yorùbá hàn wọ́n, kí ẹ sọ pé Crowther ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, àti pé odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gun àtẹ̀gùn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì yọjú wo kànga tó wà lágbàlá. Tí ẹsẹ̀ bá ṣì gbà á, ẹ kọjá níbi ìrántí igi Àgíyà, níbi tí Thomas Birch Freeman ti wàásù ní 1842. Igi náà wó ní 1959. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó níbẹ̀.

Nípa ilé ẹrú, ẹ yan ẹyọ kan. Mo tún un sọ, ẹyọ kan. Yálà Brazilian Baracoon ti Sẹ̀ríkí Williams Abass, tàbí ilé àwọn Mobee, tàbí ọjà Vlekete. Ìdílé tó bá wọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́sàn-án kan náà, ilé kẹta ti di ariwo létí wọn. Kí ẹ tó wọlé, ẹ pe bàbá àti ìyá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ bi wọ́n pé kí ni kí àwọn ọmọ gbọ́, kí ni kí wọ́n má ì tíì gbọ́. Òbí ló mọ ọmọ tó ń lálàá burúkú lóru. Ẹ má fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọmọ lọ́rùn nítorí fọ́tò, kódà bí bàbá rẹ̀ bá ní kí ẹ ṣe é. Irin yẹn ti mú ọrùn ọmọ kan rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ́wọ́, kí wọ́n mọ bó ṣe wúwo, kí ẹ sì gbà á padà. Kí ẹ rántí pé inú ilé wọ̀nyí, ènìyàn ń gbé. Àwọn ọmọ-ọmọ onílé ń se oúnjẹ, wọ́n ń sá aṣọ. Ẹ kí wọn kí ẹ tó na ọwọ́ sí ohunkóhun.

Tí ẹ bá mú wọn lọ sí ọ̀dọ̀ Sẹ̀ríkí Abass, ẹ má ṣe ìtàn rẹ̀ ní dúdú àti funfun. Ọmọ Ìjógà-Orílé ni, wọ́n mú un lẹ́rú nígbà èwe, ó dé Brazil, ó padà wá, òun náà wá di ẹni tó ń ta ènìyàn. Ó kú ní 1919. Àwọn ọmọdé máa ń béèrè pé kí ló dé tí ẹni tí wọ́n tà rí fi ta ẹlòmíràn. Ẹ má dá wọn lóhùn kíákíá. Ẹ dá ìbéèrè náà padà sọ́dọ̀ àwọn òbí, kí wọ́n máa jiyàn rẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ sílé. Ìyẹn dára ju èsì yín lọ.

Ẹ jẹ́ olóòótọ́ nípa ọdún àti iye. Àkọlé ọjà Vlekete sọ pé 1502 ni wọ́n dá ọjà ẹrú náà sílẹ̀. Àwọn òpìtàn tó ka ìwé àwọn oníṣòwò ojú òkun ní láti bí ọdún 1730 lọ ni òwò ẹrú Àgbádárìgì tó gbóná. Ẹ sọ méjèèjì, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìdílé kan ń sọ nípa baba ńlá wọn, ẹ sọ ọ́ bí ohun tí ìdílé náà ń sọ. Ẹ má fi kún iye ẹrú tó kún yàrá kan kí ẹnu lè ya àlejò. Ọ̀dọ́langba tó wà nídìí fóònù yẹn, ó lè máa yẹ ọ̀rọ̀ yín wò bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ọjọ́ tó bá mú yín nínú irọ́ kan, òtítọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀lé e ti lọ nìyẹn. Òótọ́ kan tí yóò wù wọ́n ni pé Vlekete tí ọjà náà ń jẹ́, òrìṣà òkun àti afẹ́fẹ́ ni lọ́dọ̀ àwa Ògù. Ọmọ tí afẹ́fẹ́ ti ṣí ní fìlà láàárọ̀ á rẹ́rìn-ín pé òun ti pàdé rẹ̀.

Ẹ dá wọn sílẹ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ má fi ibì kan kún un nítorí pé bàbá sọ pé owó tí òun san ti pọ̀. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà Èkó ń bọ̀, àti pé ọmọ tó sùn lọ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú iyanrìn lẹ́sẹ̀ ti gbádùn ọjọ́ rẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá sì bàjẹ́ láti àárọ̀, ẹ fi Gberefu sílẹ̀ pátápátá. Musíọ́ọ̀mù Badagry Heritage wà lábẹ́ òrùlé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà lábẹ́ òrùlé, àgbọn kò sì kọ òjò. Ìdílé á gbàgbé òkun tí wọn kò rí. Wọn kò ní gbàgbé ẹ̀rù tó bà wọ́n lójú omi.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń wọ́n, àti pé ẹni tó mú ìdílé mẹ́ta lọ lóòjọ́ ń rí owó ju ẹni tó mú ọ̀kan lọ. Èmi náà jẹ nínú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìdílé tó gbádùn ara wọn máa ń sọ fún ará ilé, fún ọ̀rẹ́, fún àwọn òbí ilé-ìwé ọmọ wọn, ìpè tó ń wá láti ibẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe fi gbogbo Àgbádárìgì hàn wọ́n lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ibì kan sílẹ̀ tí wọn kò dé, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń wọ ọkọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ni yóò mú bàbá wọn padà wá fún yín.